Ọ̀NÀ ÌṢẸ́YÌN, ÀTI OHUN TÍ A BÁ LÁBẸ́ ỌKỌ̀ WA

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gba ọ̀nà tí ó ti Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn kọjá rí kí wọ́n tó tún un ṣe, n kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pìtàn fún un. Kìlómítà 65 péré ni ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n mo ti lò ju wákàtí mẹ́ta lọ lórí rẹ̀ rí ní àkókò òjò, pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn ọkọ̀ àti àdúrà lẹ́nu. Kòtò ń bẹ níbẹ̀ nígbà náà tí ewúrẹ́ lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kí ẹni tí ó dúró létí ọ̀nà má rí ìwo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó pa ọ̀nà náà tì pátápátá, tí wọ́n ń yí gba Ọ̀yọ́ já sí Ìbàdàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn jìn jù. Àwa tí oko wa wà lẹ́bàá ọ̀nà náà gan-an ni kò rí ibi yí sí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2021. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbà á kọjá lẹ́yìn àtúnṣe náà, mo kúrò ní Ìṣẹ́yìn bí ilẹ̀ ṣe mọ́, oòrùn kò tíì mú tí mo fi wọ Mọ́níyà, mo sì ń yọ̀ bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. N kò mọ̀ pé ọ̀nà tuntun yìí ni yóò tú àṣírí ohun tí ọ̀nà àtijọ́ ti ṣe sí ọkọ̀ mi.

Píkọ́ọ̀pù ni ọkọ̀ náà, Hilux, tókúnbọ̀. Ọdún 1968 ni Toyota kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tí ń jẹ́ Hilux jáde, bóyá ni ẹ óò sì rí ẹni tí ń kó irè oko ní ìhà Òkè-Ògùn tí kò mọ̀ ọ́n. Tèmi jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ṣe ṣáájú ọdún 2005, èyí tí kò ní ráàkì ní ìdí sítíárìn. Irin gbọọrọ kan ni ó dábùú abẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, òun ni ó ń gba àṣẹ láti ọwọ́ awakọ̀ tí ó sì ń pín in fún taya ọ̀tún àti ti òsì. Níbi gbogbo tí irin ti pàdé irin níbẹ̀ ni oríkèé wà, bí igbọ̀nwọ́ àti orúnkún ṣe wà lára ènìyàn. Àwọn kan nínú oríkèé wọ̀nyí jẹ́ bọ́ọ̀lù irin kékeré tí ń yí nínú agolo tí wọ́n rọ gírísì sí, gẹ́gẹ́ bí ẹyinjú ṣe ń yí nínú ihò rẹ̀. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Lára taya iwájú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó sì di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú kí ó má baà bá tirẹ̀ lọ. Ti ìsàlẹ̀ yẹn ni ó fẹ́ pa wá.

Àbúrò mi ni ó ń wa ọkọ̀ náà. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀dà tuntun ni ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí mo bá ti kọjá 80. Bí mo bá sì fẹ́ lọ tààrà, àfi kí n máa tọ́ ọ sọ́tùn-ún díẹ̀, sósì díẹ̀, bí ẹni tí ń da màlúù."

Mo ní, "O ò ṣe rọra máa wà á? Nígbà tí a wà nínú kòtò, ṣé ó gbọ̀n?"

Ó ní, "Nínú kòtò, ta ni yóò mọ̀? Kò sí ọkọ̀ tí kì í gbọ̀n níbẹ̀."

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, èmi ni n kò gbọ́. Nígbà tí à ń rin 20, 30 láàárín kòtò, taya ń bọ́ sí ihò, irin ń lu irin, ariwo kún wa létí, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè ya ariwo ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo ọkọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ tẹ́jú tí eré pọ̀ sí i ni àìsàn náà jáde síta. Mo máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa wí pé ọ̀nà dídán ní ń fa ìjàǹbá. Eré àsápajúdé lọ́wọ́ nínú rẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mélòó ni wọ́n ti fi kòtò ọdún mẹ́wàá ba oríkèé rẹ̀ jẹ́, kí wọ́n tó gbé e sórí ọ̀dà láti máa sá 120?

Taya pàápàá ti ń sọ fún mi tipẹ́. Etí inú taya iwájú ti òsì ń jẹ bí ọṣẹ, etí òde rẹ̀ sì wà bí tuntun. Mo ra taya. Kò tó oṣù mẹ́rin, ìyẹn náà tún ti jẹ. Mo tún ra òmíràn, mo ń bú ẹni tí ó ta ti àkọ́kọ́ fún mi. Mẹkáníìkì kan nítòsí wa yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó pààrọ̀ táírọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, èyí tí ó rí pé ó ń yẹ̀. Gbígbọ̀n náà dín kù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà. Nígbà tí àbúrò mi tún gbé ọ̀rọ̀ náà wá, mo ní ìnáwó ni ó fẹ́ràn, àti pé bí ó bá jẹ́ owó tirẹ̀ ni, kò ní máa wá àìsàn fún ọkọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, n kò ní fi pamọ́ fún yín.

Ní ọjọ́ Ajé kan lásìkò ọyẹ́, ìyá wa fẹ́ lọ wo ojú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó jókòó láàárín èmi àti àbúrò mi, ó fi ìborùn bo imú nítorí eruku. A gun afárá odò Ògùn kọjá, a ń súnmọ́ Ìjàyè.

Ìjàyè tí ẹ lè kọjá lónìí láìdẹsẹ̀ dúró, ìlú ńlá ni láyé Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ogun òun àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, Kúrunmí kú ní 1861, ìlú sì tú ní 1862, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n ká, tí ọ̀pọ̀ sá lọ sí Abẹ́òkúta. Ìdílé ìyá ìyá wa wà lára àwọn tí ogun náà tú. Nítorí náà kò sí ìgbà tí màmá yóò gba ibẹ̀ kọjá kí ó má bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa náà kì í sì í sọ fún un pé a ti gbọ́ ọ rí.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí Kúrunmí kọ̀ láti foríbalẹ̀ fún Aláàfin Adélù ni a gun òkìtì kan tí àwọn ará abúlé mọ sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ lè máa rọra. Àbúrò mi kò tètè rí i. Bí taya ṣe balẹ̀ báyìí, sítíárìn já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń yí sọ́tùn-ún sósì, sọ́tùn-ún sósì, bí ìgbà tí ajá bá ń gbọn omi nù lára. Gbogbo iwájú ọkọ̀ ń jó. Ọkọ̀ agbépo kan ń bọ̀ níwájú wa, ó ń tan iná sí wa. Ọmọ náà ṣe ohun tí èmi ì bá má lè ṣe: kò tẹ búréèkì kíkan, ó kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú gírígírí, ó jẹ́ kí eré náà kú fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ epo kọjá lára wa bí ìjì. Ìyá wa kò pariwo. Apá mi ni ó dì mú, àmì èékánná rẹ̀ sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Láti ibẹ̀ lọ, bí a bá ti yí sítíárìn díẹ̀, a ó gbọ́ "kò" lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì. A wọ́ bí ìgbín títí dé Mọ́níyà. Nísinsìnyí tí mo ti mọ ohun tí ó wà lábẹ́ wa, mo mọ̀ pé ojú ibẹ̀ ni ó yẹ kí a pa ọkọ̀ náà sí.

Mọ́níyà ti di ìlú èrò láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó ti ń parí ìrìn rẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 2021, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan ni a yà sí, torí èmi ṣì ń tan ara mi jẹ pé afẹ́fẹ́ taya ni. Ọmọkùnrin náà kò tilẹ̀ fọwọ́ kan rọ́bà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ pa etí inú taya, wáyà ti yọ síta níbẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó wo bí orí taya ṣe dà sínú. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé màmá sínú ọkọ̀ yìí mọ́." A dá Micra dúró fún ìyá wa, a ní kí ó gbé e dé ilé àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó júwe fún wa jẹ́ àgbà ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́ apá ìsàlẹ̀ ni ó gbé jáàkì sí, kì í ṣe abẹ́ ṣáásì. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní lára irú ọkọ̀ yìí, apá ìsàlẹ̀ ní ń ru ẹrù; bí a bá gbé ṣáásì sókè tí apá náà so rọ̀, agbára ọ̀pá tí ó gbé iwájú ọkọ̀ dúró yóò fún oríkèé mọ́ra, yóò wá dà bí ẹni pé ó le koko, a ó sì tan ara wa jẹ. Nígbà tí taya kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ó dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, ó ń tì í, ó ń fà á. Taya ń mì. Ó ní kí àbúrò mi tẹ búréèkì, ó tún mì ín, kò dẹ́kun. Ó ní bí ó bá jẹ́ bíárìn ni, bí a bá ti tẹ búréèkì yóò dákẹ́. Ó di taya mú lápá iwájú àti lápá ẹ̀yìn, ó tún mì ín: ibẹ̀ ni a ti ń mọ ti táírọ́ọ̀dù, àti ti apá kékeré tí ó gbé irin àárín dúró lódì kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní áídílà. Ìyẹn náà ń mì. Níkẹyìn ó ki irin gígùn kan bọ abẹ́ taya, ó gbé e sókè, ó ní kí n wá wò ó.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn. Bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ náà ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ nínú agolo rẹ̀ bí eyín ọmọdé tí ó fẹ́ já. Rọ́bà tí ó bò ó ti ya láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, iyanrìn ti dí ipò gírísì. Ọ̀gá ní, "Bí èyí bá yọ lórí eré, taya yóò ṣubú lulẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Sítíárìn kò ní wúlò mọ́. Ibi tí ọkọ̀ bá fẹ́ ni yóò lọ." N kò fèsì. Apá mi tí màmá dì mú ni mo ń wò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìdí kòtò wa nìkan ni ewu irú èyí ti ń wá. Ní ọdún 2005, Toyota pe píkọ́ọ̀pù àti jíìpù tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà, nítorí irin àárín sítíárìn wọn lè sán kí ó sì ṣẹ́, pàápàá bí wọ́n bá ń yí i léraléra nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ èyí ni n kì í ti í jẹ́ kí àbúrò mi yí sítíárìn lórí ìdúró mọ́, bí ààyè bá wà láti rìn díẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti ọ̀gá gba Ọ̀jọ́ọ̀, a já sí Ìwó Ròódù, ó di Géètì, ní ọjà Àráròmí. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí, kí ó fọkàn ro ọjà ẹran tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n ń kun níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì jókòó lórí taya, ilẹ̀kùn to lọ bí ìwé nínú àpótí, iná iwájú ń wo ènìyàn bí ojú ẹja. Ilẹ̀ dúdú kirikiri fún ọ́ìlì. Yorùbá àti Ìgbò jọ ń tajà níbẹ̀, àwọn ọmọ ìsọ̀ yóò sì ti gba irin àlòkù tí ẹ mú dání kí ẹ tó la ẹnu, wọn yóò máa sáré lọ wá ìkejì rẹ̀. Ẹni tí kò bá mú mẹkáníìkì dání, kí ó ṣọ́ra.

Ọmọ ìsọ̀ àkọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tókúnbọ̀ kan wá, ó dúdú, ó ń dán. Ọ̀gá fi ìka kan ti orí rẹ̀, ó yí gbirigbiri bí ọrùn adìyẹ tí a ti pa. Ó fi èékánná họ ara rẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ṣí, ìpẹtà wà lábẹ́. Ó dá a padà láìbínú. Ó ní tókúnbọ̀ dára fún ilẹ̀kùn, ó dára fún iná, ó tilẹ̀ lè dára fún ẹ́ńjìnnì bí orí bá bá ènìyàn ṣe é. Ṣùgbọ́n oríkèé tí ó ti rìn títí tí ó fi rẹ̀ ẹ́ lókè òkun, kí ni ó kù tí yóò rìn fún wa? Ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ tuntun nínú páálí, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ lọ́wọ́, rọ́bà rẹ̀ sì le bí awọ gbígbẹ. Ìsọ̀ kẹrin ni a ti rí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn: ó wúwo, rọ́bà rẹ̀ rọ̀, wọ́n tẹ nọ́ńbà sára irin rẹ̀ gan-an, kì í ṣe sára páálí nìkan, orí rẹ̀ kò sì yí àfi bí ó fi agbára yí i.

Ó ka ohun tí ó fẹ́ fún ọlọ́jà: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì mẹ́rin, táírọ́ọ̀dù mẹ́rin, áídílà, àti bọ́ọ̀ṣì apá òkè àti ti ìsàlẹ̀. Orí mi wú. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ti òsì nìkan kò tó? Apá ọ̀tún kò dún rárá."

Ó wò mí. Ó ní, "Ọ̀nà wo ni taya ọ̀tún gbà dé Mọ́níyà?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi nínú Micra nígbà tí à ń padà bọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó pọ̀ jù nìyẹn ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní àwọn irin wọ̀nyí so mọ́ ara wọn bí ẹni tí ń fa okùn kan náà. Bí ọ̀kan bá rọ̀, gbogbo ìkọlù tí kò lè gbà mọ́ yóò bọ́ sórí àwọn tí ó kù. Táírọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n fi sí i níjọ́sí, áàárín àwọn tí ó ti kú ni wọ́n fi í sí, kò sì lè pẹ́ kí ó tó dà bí tiwọn. Owó tán lọ́wọ́ mi nígbà tí ó kan ṣọ́ọ̀kì. Ó ní ìyẹn lè dúró di oṣù tí ń bọ̀, kò sì fi dandan mú mi. Oṣù kejì ni a pààrọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà gbà wọ́n ní odindi ọjọ́ kan. Kí wọ́n tó tú ọ̀pá tí ó gbé iwájú ọkọ̀, ọ̀gá fi ọ̀dà funfun sàmì sí i, kí ìga ọkọ̀ má baà yí padà. Nígbà tí wọ́n ń tú táírọ́ọ̀dù, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ máa kà sókè iye ìgbà tí ó yí kí ó tó bọ́, kí tuntun lè wọlé ní iye kan náà. Ọmọ náà ń ka "méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún" bí ẹni ń ka ayò. Èyí tí ó di mọ́ ihò rẹ̀, wọn kò fi irin ẹlẹ́nu méjì gbọ̀n ọ́n yọ, nítorí a máa ya rọ́bà. Hámà méjì ni ọ̀gá fi lu ẹ̀gbẹ́ ihò náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀tún àti òsì, ó sì já bọ́. Bí nọ́ọ̀tì bá dé ibi tí ihò píìnì kò ṣe déédéé, a ó tún mú un le díẹ̀ sí i títí yóò fi bá ihò mu. A kì í dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn.

Ohun kan ni mo rí tí ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti wọ bọ́ọ̀ṣì apá tán, wọn kò sì mú nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Ó di ìgbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, tí ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀ tí ẹrù rẹ̀ wà lórí ara rẹ̀, kí ọ̀gá tó wọ abẹ́ lọ fún nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn. Ó ní bí a bá fún un nígbà tí apá so rọ̀, rọ́bà bọ́ọ̀ṣì yóò wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ya. Mo bi àbúrò mi léèrè bóyá ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ wa tẹ́lẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò rántí kí ó tilẹ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀ṣì.

A wọ́ lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀ lọ́jọ́ kẹta, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ to taya iwájú kí wọ́n lè kọjú síbì kan. Kíkà tí ọmọ iṣẹ́ ka táírọ́ọ̀dù mú un súnmọ́ tòsí, kò mú un pé. Kíákíá ni wọ́n ṣe é. Mo ra taya kan sí i fún ẹsẹ̀ òsì, mo sì fún fọkanáísà Mọ́níyà ní ti àtijọ́ àti owó díẹ̀ lé e lórí. Ó kọ́kọ́ kọ owó náà. Mo ní kí ó fi ra àkàrà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a lọ gbé ìyá wa. Wọ́n ti fún un ní oògùn tí yóò máa kán sí ojú, wọ́n sì ní kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kí ó tó gun ọkọ̀, ó dúró díẹ̀, ó wo taya òsì, ó wo ojú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lójú ọ̀nà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wò wá. Mo sì yíjú sí àbúrò mi, mo ní, "Ìwọ náà, má bínú." Ó ní kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n.

Èmi ni mo gba sítíárìn láti Mọ́níyà. Nígbà tí mo dé 80, mo dúró de gbígbọ̀n. Kò gbọ̀n. Ìka méjì tó láti fi tọ́ ọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a rọra gun òkìtì Ìjàyè, màmá gbé ìborùn kúrò nímú, ó ní, "Àkànní, níbo ni mo bá ìtàn Kúrunmí dé lọ́jọ́sí?"

Mo ní, "Ibi tí ó ti kọ̀ láti foríbalẹ̀ fún Adélù ni, màmá."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. A gun afárá odò Ògùn kí oorun tó gbé e lọ.